Ìwé ìròyìn ọrọ̀ ajé ńlá fẹ́ fi mí ṣe aṣojú l'Óṣogbo: èló ni kí n gbà?

Ìbéèrè tó wọlé láti Òkè-Fíà, l'Óṣogbo, nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí mo ti sin ilẹ̀ baba mi tán ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìròyìn ní iléeṣẹ́ rédíò aládàáni kan níbí. Ìwé ìròyìn ọrọ̀ ajé ńlá kan l'Ékòó ti ní kí n wá máa ṣe aṣojú àwọn fún Ọ̀ṣun. Wọ́n ní àwọn máa san ₦20,000 lórí ìròyìn kọ̀ọ̀kan tó bá jáde. Kò sí owó oṣù, ṣùgbọ́n wọ́n máa fún mi ní káàdì ìdánimọ̀ àti ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìpolówó ọjà tí mo bá mú wá. Àwọn òbí mi ní kí n má jẹ́ kí irú orúkọ ńlá bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá mi ní rédíò ní ẹ̀tàn ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún mi láti fèsì. Èló ló yẹ kí n béèrè? Ṣé kí n tiẹ̀ gbà á?"

Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè kí o tó fọwọ́ sí ìwé. Mi ò ní kọ́kọ́ sọ iye fún ọ, nítorí pé ₦20,000 lè jẹ́ owó gidi, ó sì lè jẹ́ pé ìwọ lo máa fi kún un kí ìròyìn náà tó jáde. Ohun tó yẹ kí o kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé ta ló máa gbé ìnáwó ìròyìn. Mo lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí tábìlì olóòtú ọrọ̀ ajé, mo sì rí àwọn ọmọ tó gbọ́n, tí wọ́n mọ̀wé kọ, tí wọ́n ń fi owó àpò ara wọn bọ́ ìwé ìròyìn olówó láìmọ̀. Ó ń dùn mí títí dòní. Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn mi fi máa gùn.

Jẹ́ ká mú ìròyìn kan tí èmi fúnra mi máa fẹ́ kà láti ọwọ́ rẹ. Ní Agẹmọ 2021 ni wọ́n yọ́ wúrà àkọ́kọ́ ní ibi ìwakùsà Segilola, lágbègbè Iléṣà. Thor Explorations ló ni ín, iléeṣẹ́ tí wọ́n ń ta ìpín ìdókòwò rẹ̀ ní ọjà Kánádà àti ti London. Nígbà tó fi di Ọ̀wàrà 2025, owó wúrà lágbàáyé ti kọjá $4,000 lórí áúnsì kan. Ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn ọrọ̀ ajé l'Ékòó fẹ́ mọ̀ pé nínú gbogbo owó yìí, kí ló dé àpò ìjọba Ọ̀ṣun, kí ló sì dé ọwọ́ àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ wà nítòsí ibẹ̀. Ìròyìn tó níye lórí nìyẹn, kò sì sí ẹni tó jókòó l'Ékòó tó lè kọ ọ́ dáadáa bíi tìẹ.

Wàyí o, wo ohun tó máa gbà. Wàá wọ ọkọ̀ láti Òṣogbo dé Iléṣà, wàá gun ọ̀kadà wọ abúlé, o ò sì ní lọ lẹ́ẹ̀kan, torí pé baálẹ̀ tí o bá lónìí lè ní kí o padà wá lọ́la kí àwọn àgbà tó kù lè wà níkàlẹ̀. Wàá fi dátà ṣí ìṣirò owó tí iléeṣẹ́ náà ń gbé jáde ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, wàá sì kà á ní àkàtúnkà. Wàá kọ lẹ́tà sí Abéré, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba Ọ̀ṣun wà, lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011, tó fún wọn ní ọjọ́ méje láti fèsì. (Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2025 pé òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà má jẹ́ kí akọ̀wé kankan níbẹ̀ fi ìyẹn dá ọ padà.) Wàá pe Àbújá, wàá pe Èkó, wàá wá ẹni tó máa ya fọ́tò.

Fi owó ọkọ̀ òde òní ṣírò rẹ̀. Ká ní ₦12,000 ló bá ìrìnàjò, dátà àti ìpè lọ. ₦8,000 ló kù, ₦8,000 náà sì ni owó iṣẹ́ rẹ. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà là sílẹ̀ láti 2024 jẹ́ ₦70,000. Ìjọba Ọ̀ṣun gbé ti àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ dé ₦75,000. Kí ₦8,000 tó di ₦75,000, wàá kọ ìròyìn bíi mẹ́wàá lóṣù, gbogbo wọn á sì gbọ́dọ̀ jáde. Ṣé ìwé ìròyìn yẹn máa ń gbé ìròyìn mẹ́wàá jáde láti Ọ̀ṣun láàárín oṣù kan? Lọ wo àwọn ẹ̀dà wọn ti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, kí o ka iye ìròyìn tó wá láti Ọ̀ṣun, Èkìtì àti Oǹdó. Iye yẹn ló máa sọ ohun tó máa wọ àpò rẹ fún ọ, ju gbogbo ohun tí olóòtú sọ fún ọ lórí fóònù lọ.

Kí ló dé tí àwọn tó ni ìwé ìròyìn fi fẹ́ràn kí wọ́n máa sanwó lórí ìròyìn kọ̀ọ̀kan? Lọ́dọ̀ tèmi, òfin ni ìdí tó tóbi jù. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ ti 2019, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, yọ àwọn kan sílẹ̀: iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo wákàtí iṣẹ́, àti ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lórí iye iṣẹ́ tó bá ṣe tàbí lórí kọmíṣàn. Tún lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ọ kà. Ìròyìn kọ̀ọ̀kan, ìpolówó kọ̀ọ̀kan: ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì ti wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 náà ń kọ́? Iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ máa fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó òṣìṣẹ́ pa mọ́ fún un, kí òṣìṣẹ́ náà fi ìdá mẹ́jọ kún un, kí iléeṣẹ́ sì tún ra ìdójútòfò ẹ̀mí tó tó ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan fún un. Sitíríńgà, ìyẹn oníròyìn tí wọ́n ń sanwó fún lórí ìròyìn kọ̀ọ̀kan bíi tìrẹ yìí, kò sí nínú ìwé owó oṣù wọn, nítorí náà kò kàn án. Bí ọkọ̀ bá sì ṣèèṣì lójú ọ̀nà Iléṣà, òfin àánú òṣìṣẹ́ tó fara pa, ti 2010, dára gan-an, ó tiẹ̀ ka òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n wàá kọ́kọ́ fi hàn pé òṣìṣẹ́ wọn ni ọ́. Ẹni tí wọ́n pè ní alágbàṣe látìbẹ̀rẹ̀ máa jà kí ó tó rí ìyẹn gbà.

Má sì gbọ́kàn lé Labour Act jù, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ kan ṣe máa ń sọ. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì ni òfin yẹn pè ní òṣìṣẹ́. Ó yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ sílẹ̀, agbẹjọ́rò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ sì máa to oníròyìn mọ́ wọn kíákíá. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣe ní 2010, National Industrial Court lágbára láti wo ìyànjẹ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀ka rẹ̀ kan sì wà n'Íbàdàn. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa lọ máa bọ̀ sí Ìbàdàn nítorí owó ìròyìn mẹ́ta? Ìwé tí ẹ jọ fọwọ́ sí ló máa gbà ọ́. Bí ohun kan kò bá sí nínú ìwé yẹn, kà á sí pé kò sí níbì kankan.

Gbólóhùn kan wà nínú ìbéèrè rẹ tí mo fẹ́ kí o fa ìlà sí nídìí: "tó bá jáde." Ìwọ kọ́ lo ní agbára lórí kí ìròyìn jáde. Ìpolówó lè wọlé lálẹ́ kí ó gba ojú ewé rẹ. Ọ̀gá báńkì tí o dárúkọ lè pe ẹni tó ni ìwé ìròyìn. Olóòtú lè pààrọ̀, kí tuntun má fẹ́ràn kókó náà. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbi tó tóbi jù lọ. Fortune, ìwé ìròyìn ọrọ̀ ajé tí Henry Luce dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní Èrèlé 1930, rán James Agee àti ayafọ́tò Walker Evans lọ sí Alabama ní 1936, kí wọ́n lọ wo ìgbé ayé àwọn àgbẹ̀ òwú tí kò ní ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n lò láàárín wọn. Fortune kò gbé iṣẹ́ náà jáde rárá. Òṣìṣẹ́ ni Agee nígbà náà, owó oṣù rẹ̀ ń wọlé, ó sì padà sọ iṣẹ́ náà di ìwé tí aráyé ṣì ń kà. Ká ní ẹni tó ń gbowó lórí ìròyìn tó bá jáde ni, àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn ìbá wọlẹ̀ lófo. Nítorí náà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé bí olóòtú bá ti fọwọ́ sí kókó ìròyìn, tí o sì fi í ránṣẹ́ lákòókò, wọ́n máa san, yálà wọ́n lò ó tàbí wọn ò lò ó. Bí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n san ìdajì ó kéré tán. Ìnáwó ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ rẹ pátá.

Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù nínú ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́: ìdá mẹ́wàá lórí ìpolówó. Ọ̀pọ̀ oníròyìn l'Óṣogbo, l'Ákùúrẹ́, l'Ádó-Èkìtì, ló ń rìn lórí kọmíṣàn yìí, mi ò sì ní pe ẹnikẹ́ni ní olè nítorí pé ó ń wá oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ń fà fún oníròyìn ọrọ̀ ajé. Ẹni tó ń ròyìn eré bọ́ọ̀lù lè gba ìpolówó lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì, kí ó sì máa bá ìròyìn bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ. Àwọn tó lówó ìpolówó l'Ọ́ṣun ni àwọn gan-an tí o fẹ́ yẹ ìwé owó wọn wò: báńkì, iléeṣẹ́ ìwakùsà, kọngílá, yunifásítì aládàáni, ìjọba fúnra rẹ̀. Lónìí, wàá lọ béèrè lọ́wọ́ wọn ìdí tí wọn kò fi sanwó ilẹ̀. Lọ́la, wàá padà lọ pẹ̀lú fáìlì ìpolówó, wàá ní "ẹ jọ̀wọ́, sà, ojú ewé kan péré." Wọ́n máa rántí. Ìwọ náà máa rántí, ohun tí o sì rántí máa wọnú gbólóhùn tí o fẹ́ kọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí o yọ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

Láti ibẹ̀ sí ẹ̀gúnjẹ kò jìnnà. Ìwọ náà ti rí i ní àwọn ìpàdé oníròyìn: lẹ́yìn ìbéèrè àti ìdáhùn, ẹnìkan máa jáde pẹ̀lú àwọn àpòòwé, wọ́n á ní owó ọkọ̀ ni. Nígbà tí iléeṣẹ́ kò bá san owó ọkọ̀ oníròyìn rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń ròyìn rẹ̀ ló máa san án. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn, gbogbo ìwàásù tí a ń ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ nípa ìwà rere kò lè yí i padà, àfi kí àwọn tó ni ìwé ìròyìn sanwó. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn kan nínú wọn ti ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé káàdì ìdánimọ̀ ni kó fi jẹun. Mo kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí wọ́n bá ka káàdì ìdánimọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ fún ọ, bí wọ́n ṣe kà á nínú tìrẹ yìí, dá a dúró níbẹ̀. Irinṣẹ́ ni káàdì, ẹ̀tọ́ rẹ ni láti gbà á, kò gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò owó.

Ṣọ́ra fún àmì ẹ̀yẹ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ní kí o máa mú orúkọ àwọn oníṣòwò wá fún "òṣèlú tó dára jù" tàbí "ọ̀gá iléeṣẹ́ tó dára jù lọ́dún," kí wọ́n sì máa ra tábìlì níbi ayẹyẹ, ọjà ni wọ́n ń rán ọ lọ tà. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ tó bófin mu. Kì í ṣe iṣẹ́ ìròyìn, kí ó má sì sí nínú ìwé àdéhùn rẹ.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí rẹ ń wo orúkọ náà, mi ò sì bá wọn jà. Orúkọ máa ń ṣí ìlẹ̀kùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n sọ fún wọn pé orúkọ ńlá kì í fúnra rẹ̀ san owó tó dára. Forbes ti wà láti 1917. Ní 2021, àwọn oníròyìn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n ń bá àwọn ọ̀gá wọn dúnàádúrà lórí owó àti ààbò iṣẹ́. Títí di Ṣẹẹrẹ 2024, wọn kò tíì rí ìwé àdéhùn gbà, wọ́n sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní gbogbo ìtàn ìwé ìròyìn náà. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn kan náà ni iléeṣẹ́ kéde pé òun fẹ́ dá àwọn òṣìṣẹ́ kan dúró. Ìwé ìròyìn tó ń ka owó àwọn olówó ayé lọ́dọọdún nìyẹn o.

Èyí ló mú mi rántí NUJ, ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ náà ti wà láti 1955, ẹ̀ka rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Correspondents' Chapel sì wà l'Óṣogbo fún àwọn aṣojú ìwé ìròyìn tí olú iléeṣẹ́ wọn wà níbòmíràn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan fúnra wọn wà tí iléeṣẹ́ wọn jẹ wọ́n lówó oṣù, nítorí náà mi ò ní sọ pé ẹgbẹ́ máa gba owó rẹ fún ọ. Ohun tí o máa rí níbẹ̀ ṣe pàtàkì jù ìyẹn lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí: àwọn tó ti bá ìwé ìròyìn náà ṣiṣẹ́ rí. Lọ bá wọn. Bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó lẹ́yìn tí ìròyìn jáde ni owó máa ń wọlé. Bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n gbowó kẹ́yìn. Bi ẹni tó fi wọ́n sílẹ̀ léèrè ìdí tó fi lọ. Ìdáhùn ẹni mẹ́ta tó bá jọra ti tó.

Ó wá ku iye. Fi ọjọ́ iṣẹ́ 22 pín ₦75,000, ó máa fún ọ ní bíi ₦3,400 lójúmọ́. Ìròyìn gígùn tó gba ọjọ́ méje, bíi ti wúrà tí mo sọ yẹn, á wá jẹ́ nǹkan bíi ₦24,000 ní ìwọ̀n òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jù lọ n'Ípìnlẹ̀ Ọ̀ṣun, láì tíì ka owó ọkọ̀. Ìwọ sì ń ka ìṣirò owó iléeṣẹ́, o ń fọ̀rọ̀ wá ọ̀gá báńkì lẹ́nu wò. Ní tèmi, má gba ohun tó bá dín sí ₦50,000 lórí ìròyìn gígùn. ₦20,000 tí wọ́n dá yẹn, jẹ́ kí ó dúró fún ìròyìn kúkúrú tí o lè fi ọjọ́ kan tàbí méjì kọ. Lórí méjèèjì, kí wọ́n san ìnáwó lọ́tọ̀. Ìnáwó ìrìnàjò tó bá jìn, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ kí o tó gbéra. Kí wọ́n kọ ọjọ́ ìsanwó sílẹ̀: ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí o fi ìròyìn ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ní o kò gbọ́dọ̀ kọ̀wé fún ẹlòmíràn, ìyẹn ti di iṣẹ́ olówó oṣù, kí wọ́n san owó oṣù tí kò dín sí ₦75,000 kí wọ́n tó ka ìròyìn kankan. Ìpolówó, sọ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé o ò ní lè ṣe é, àmọ́ o lè fún wọn ní nọ́ńbà ẹni tó ń ta ìpolówó l'Óṣogbo.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n bínú? Bóyá. Mo ti wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì tábìlì yẹn, mo sì lè sọ fún ọ pé olóòtú tó nílò ẹni tó mọ Ọ̀ṣun kì í sá fún ẹni tó mọ iye ara rẹ̀. Ó máa ń dúnàádúrà ni. Bí ó bá gbà láti san ìnáwó, tí ó sì gbà láti san owó ìròyìn tí wọn kò lò, o lè dín ₦50,000 yẹn kù díẹ̀. Bí ó bá gbé iye sókè ṣùgbọ́n tó kọ méjèèjì yẹn, má gbà.

Má fi iṣẹ́ rédíò sílẹ̀ nítorí èyí. Ṣáájú ohun gbogbo, yẹ ìwé tí rédíò fi gbà ọ́ wò bóyá ó gbà ọ́ láàyè láti ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn, kí o sì gba ìyọ̀ǹda ọ̀gá rẹ lórí ìwé. Ẹ̀tọ́ lórí ohun tí o kọ náà ṣe kókó: gẹ́gẹ́ bí alágbàṣe, ìwọ lo ni ín, àfi tí o bá fọwọ́ sí ìwé tó gbé e fún wọn. Gbà kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, má ṣe gbà kí ó di tiwọn títí láé, torí pé ìròyìn kòkó tàbí wúrà tí o kọ lónìí lè di ètò rédíò tàbí ìwé lọ́wọ́ rẹ lọ́dún mẹ́ta sí i. Ohun kan sí i, ọwọ́ rẹ kò gbọ́dọ̀ kan ìpín ìdókòwò iléeṣẹ́ kankan tí o ń kọ ìròyìn nípa rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fún ọ tó. Lo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ fún kíka àwọn ẹ̀dà àtẹ̀yìnwá àti fún àwọn tó wà ní Chapel. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, fi ohun tí o fẹ́ ránṣẹ́ lórí ímeèlì, má ṣe é lórí fóònù, kí ìdáhùn wọn lè wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ padà, bo orúkọ wọn mọ́lẹ̀, kí o fi í ránṣẹ́ sí mi kí o tó fọwọ́ sí i. Mo máa kà á.